Ìṣẹ́jú Mẹ́fà Tí Khairiyyah Jí Lára Ààwẹ̀

Ẹni tó ni ìtàn yìí ṣì wà láàyè. Ìsàlẹ̀ Èkó ló ń gbé, òun fúnra rẹ̀ ló sì ní kí n sọ ọ́ fún ẹ̀yin òǹkàwé, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹnì kan lọ́kàn tẹ́ ẹ fẹ́ kó jẹ ìyà. Ó ní kí n má dín in kù, kí n má sì bá òun fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́.

Khairiyyah lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Alhaji Ṣéhù ni, ẹni tó ń ta mílíìkì àti ṣúgà ní àpò-àpò ní Òkè Àrin, tó sì tún wà nínú ìgbìmọ̀ mọ́sálásí àdúgbò wọn. Khairiyyah kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà nílé ẹ̀kọ́ gíga, ṣùgbọ́n inú ṣọ́ọ̀bù Haleem, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lẹ́bàá Ọjà Balógun, ló ti ń lo ìmọ̀ náà. Haleem ló ni ṣọ́ọ̀bù. Haleem náà ló fẹ́ fẹ́ ẹ. Wọ́n tilẹ̀ ti mú ọjọ́ yìgì.

Àwọn méjèèjì ṣe aago kan fún mọ́sálásí náà. Ó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn. Iná pupa ló fi ń kọ àkókò ìrun márààrún, tí oṣù ààwẹ̀ bá sì dé, á ké nígbà tí sààrì bá parí, á tún ké nígbà tí ìṣínu bá tó. Haleem kan férémù rẹ̀, ó so wáyà, ó to iná. Ṣùgbọ́n ohun tí aago náà ń rò, Khairiyyah ló rò ó fún un. Òun ló kọ ọ́, òun ló sì fi sínú ṣíìpù, ìyẹn èérún dúdú kékeré tó jẹ́ ọpọlọ aago.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé aago kọ́ ògiri, Ìmáàmù Ikrimah fọwọ́ kan Haleem léjìká lójú gbogbo ìjọ.

"Haleem, ta ló bá ọ ṣe iṣẹ́ ńlá yìí?"

"Èmi nìkan ni, Ìmáàmù. Ọlọ́run ló fi hàn mí."

"Ọmọ Alhaji Ṣéhù ńkọ́? Mo máa ń rí i lọ́dọ̀ rẹ."

Haleem rẹ́rìn-ín. "Khairiyyah? Ó máa ń bá mi nu eruku ara ẹ̀."

Gbogbo mọ́sálásí bú sẹ́rìn-ín. Alhaji Ṣéhù pẹ̀lú rẹ́rìn-ín. Khairiyyah wà lápá àwọn obìnrin, ó gbọ́ ẹ̀rín bàbá rẹ̀ yàtọ̀ láàárín ẹ̀rín àwọn tó kù.

Mọ́sálásí mẹ́ta mìíràn ní ìtòsí ní àwọn náà fẹ́ irú rẹ̀. Haleem di ẹni tí wọ́n ń pè ní Ẹnjiníà. Nígbà tí iṣẹ́ náà parí, ó rán àbúrò bàbá rẹ̀ sí Alhaji Ṣéhù pé kí wọ́n má bínú, ìyá òun ò fẹ́ ìyàwó tó ń jókòó sáàárín ọkùnrin tó ń fi irin gbígbóná jó òjé. Ọmọbìnrin mìíràn ló bá so yìgì.

Khairiyyah ò pariwo. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì padà sílé. Alhaja Ganiat, ìyá tó bí bàbá rẹ̀, jókòó tì í, ó ní, "Ọmọ mi, ohun tó bá máa bọ́ lọ́wọ́ ẹni, kó tètè bọ́." Khairiyyah ní, "Mo ti gbọ́, Màámá." Kò gbọ́. Ẹ̀rín yẹn ló wà ní etí rẹ̀.

Ọdún yí po. Nígbà tí ààwẹ̀ tún ń sún mọ́lé, ta ló kan ilẹ̀kùn wọn? Haleem ni. Ó ti sanra díẹ̀. Ó mú fláàṣì kékeré kan dání, irú èyí tí wọ́n ń kó fáìlì sí.

"Khairiyyah, jọ̀ọ́. Aago ò mọ ọjọ́ tí ààwẹ̀ ọdún yìí máa bẹ̀rẹ̀. Mọ́sálásí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń pè mí."

"Ṣebí inú kọ̀ǹpútà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ni gbogbo ohun tí mo kọ wà? Ṣí i."

"Òjò jò sí i. Ó ti kú. Fáìlì hex nìkan ló kù, èyí tí mo máa ń kó wọ inú ṣíìpù. Mo fi han àwọn èèyàn. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó lè kà á."

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbí díẹ̀, kí gbogbo wa jọ mọ ohun tó ń jẹ́ fáìlì hex. Ohun tí ènìyàn bá kọ fún ṣíìpù, ènìyàn lè kà á. Ṣùgbọ́n ṣíìpù kì í jẹ irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ lọ̀ ọ́ di ìlà lórí ìlà, nọ́ńbà àti lẹ́tà díẹ̀, èyí tó máa dà bí ìsọkúsọ lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ìlà kọ̀ọ̀kan á sọ iye ẹrù tó gbé, á sọ ibi tí wọ́n máa já a sí nínú ikùn ṣíìpù, á wá kó ẹrù náà kalẹ̀. Ìparí ìlà ni ẹlẹ́rìí máa ń wà: nọ́ńbà kan tí wọ́n ṣírò láti ara gbogbo èyí tó ṣáájú rẹ̀. Bí ẹyọ kan bá yí nínú ìlà, tí ẹlẹ́rìí ò sì yí bá a, ẹ̀rọ tó ń kó fáìlì wọ ṣíìpù á ní òun ò gbà.

Khairiyyah mọ gbogbo èyí bí ẹni mọ ojú ọ̀nà ilé. Ó wo Haleem.

"Mo lè kà á. Lọ sọ fún Ìmáàmù pé èmi ni mo ṣe aago náà, màá bá ọ ṣe é."

"Ṣé o fẹ́ kí n di òpùrọ́ lójú àwọn àgbà ni?"

"O ti dà á tẹ́lẹ̀."

"Khairiyyah, má ṣe é nítorí tèmi. Ṣe é nítorí Ọlọ́run."

Ó gba fláàṣì náà. Ó rò pé òun máa ṣe é lóòótọ́, kí ọ̀rọ̀ kúrò nílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Haleem ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, fóònù rẹ̀ dún, ó sì gbé e.

"Ẹ má ṣèyọnu, Alhaji," Khairiyyah gbọ́ ohùn rẹ̀. "Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí aago mọ́sálásí yín. Ọmọ kan wà tó máa ń bá mi tẹ nǹkan, ó ti ń tẹ̀ ẹ́."

Ọmọ kan.

Khairiyyah ti ilẹ̀kùn, ó sì jókòó síbi kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó kọ ètò kékeré kan tó máa ka fáìlì náà ní ìlà kọ̀ọ̀kan, tó máa yọ ẹrù sọ́tọ̀, tó sì máa bi ẹlẹ́rìí léèrè bóyá òótọ́ ló ń sọ. Ìlà tó bá dára á jáde ní dúdú. Èyí tí ẹlẹ́rìí rẹ̀ bá ń purọ́ á jáde ní pupa. Kò pẹ́ tó fi rí ibi tí àwọn ọjọ́ ààwẹ̀ wà. Ó tún ọjọ́ ṣe bó ṣe yẹ. Iṣẹ́ ti parí. Ká ní ó dìde níbẹ̀, ǹ bá má ní ìtàn kankan láti sọ fún yín.

Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ bọ́ sára àkókò ìṣínu.

Ó rí 12, ó rí 39 lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nínú ìṣírò ṣíìpù, tó ń fi mẹ́rìndínlógún kà dípò mẹ́wàá, aago méje alẹ́ ku ìṣẹ́jú mẹ́ta nìyẹn. Bí 9 yẹn bá di 3, aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni. Ìṣẹ́jú mẹ́fà péré. Oòrùn á ṣì wà lókè nígbà tí aago bá ké. Ìjọ á ṣínu. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá sì mọ̀, ta ni wọ́n máa mú?

"Ẹnjiníà," Khairiyyah sọ sókè, òun nìkan nínú yàrá, ó sì rẹ́rìn-ín.

Ó yí i padà. Kò bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní o. Ó fi ọjọ́ mẹ́wàá àkọ́kọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà, kí àwọn tó máa ń yẹ aago wò lè yẹ̀ ẹ́ wò tán, kí ọkàn wọn balẹ̀. Láti ọjọ́ kọkànlá ló ti bẹ̀rẹ̀.

Bó ṣe ní kí ètò rẹ̀ tún un kà, àwọn ìlà náà jáde ní pupa. Ẹlẹ́rìí kọ̀. Ìkìlọ̀ nìyẹn, bí ẹni pé ẹnì kan di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó jókòó, ó ń wo pupa yẹn.

Lẹ́yìn náà ó rántí eruku. Ó ṣírò ẹlẹ́rìí lọ́tun: iye tó yọ lára ẹrù, iye náà ló fi kún ẹlẹ́rìí, ìlà dé ìlà. Ó tún un kà. Gbogbo rẹ̀ di dúdú.

Ó fi ránṣẹ́ sí Haleem. "Ó ti ṣetán."

"Ọlọ́run á san án fún ẹ," ni Haleem fi dáhùn.

Ààwẹ̀ wọlé. Ọjọ́ mẹ́wàá àkọ́kọ́ lọ ní ìrọ̀rùn. Lọ́jọ́ kọkànlá, aago ké, Sùlè ládàánì gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó pe ìrun Màgàríbì. Mọ́sálásí mẹ́ta yòókù pè ní ìṣẹ́jú kan náà, nítorí fáìlì kan náà ló wà nínú aago mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ta ló máa fura? Ọyẹ́ ti fi eruku bo ojú ọ̀run, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sì ti dí oòrùn mọ́ àdúgbò lójú. Nígbà tí àwọn mọ́sálásí òkèèrè wá ń pè lẹ́yìn wọn, àwọn èèyàn ń fi èso dàbínù mu omi, wọ́n ń sọ pé, "Àwọn yẹn máa ń pẹ́ jù. Aago tiwa kì í purọ́."

Ní ilé Alhaji Ṣéhù, Alhaja Ganiat ló máa ń pín dàbínù. Ìtọ̀ ṣúgà ti mú màmá yìí tipẹ́, dókítà ò sì jẹ́ kó gbààwẹ̀ láti ọdún mélòó kan. Lọ́dún yìí ó bẹ dókítà títí. Ó ní òun ò mọ̀ bóyá òun máa rí òmíràn. Dókítà ní kó gbà á níwọ̀nba, kó máa wo ara rẹ̀. Ẹ ò mọ bí inú màmá yẹn ṣe ń dùn lójoojúmọ́ tí aago bá ké.

"Khairiyyah, gbà, jẹ tìẹ."

"Màámá, mò ń bọ̀. Mo fẹ́ fọ ọwọ́."

Á wọ ilé ìdáná. Á dúró síbi omi, á máa wo fóònù rẹ̀, á máa gbọ́ bí bàbá rẹ̀ ṣe ń sọ "Bísímílà," bí màmá ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún òun lágbára. Ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ lóòótọ́ ló máa tó jáde wá jẹun. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ó ń ṣọ́ ààwẹ̀ tirẹ̀, ó ń wo tiwọn bó ṣe ń bàjẹ́.

"Kí ló dé tó o ń sá fún oúnjẹ wa?" màmá bi í lọ́jọ́ kan.

"Inú ló ń yọ mí lẹ́nu, Màámá."

Ẹ má rò pé ọkàn rẹ̀ ò bá a wí. Ó bá a wí. Ní gbogbo ìgbà tó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, á ní, "Lọ́la wọ́n máa mọ̀. Kò ní pẹ́." Ẹ̀san dùn lẹ́nu ju dàbínù lọ, ó sì fẹ́ jẹ ẹ́ tán.

Àǹtí Basheerah, àbúrò bàbá rẹ̀ tó ń gbé ní Lafiaji, ló tú u. Ó pe Alhaja Ganiat lórí fídíò kó lè kí i kú ìṣínu tó ń bọ̀. Kí ló rí? Gbogbo ilé ti ń mu ògì.

"Màámá! Ẹ ti ń jẹun?"

"A ti ṣínu, Basheerah. Ẹ̀yin ò tíì ṣínu ni?"

"Ṣínu bí ti báwo? Oòrùn ṣì wà lókè níbí o! Àbí oòrùn tiyín yàtọ̀ sí tiwa?"

Alhaji Ṣéhù gba fóònù náà, ó ní kó yé dẹ́rù ba ìyá òun. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ lọ dúró létí ọ̀sà ní Ẹbúté Èrò, níbi tí ilé ò ti dí ojú ọ̀run. Ó gbọ́ Sùlè tó ń pe ìrun lẹ́yìn rẹ̀. Ó wo iwájú. Oòrùn ń bẹ níbẹ̀, ó pọ́n bí epo, kò tíì kan omi.

Alhaji Ṣéhù sáré padà sí mọ́sálásí. Ó ń pariwo lójú ọ̀nà pé kí wọ́n má jẹun, kí wọ́n tu ú dànù.

Ìsàlẹ̀ Èkó gbóná. Ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Àwọn ọ̀dọ́ lọ bá Haleem ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan já fìlà lórí rẹ̀, wọ́n da ẹrọ̀fọ̀ sára ilẹ̀kùn rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ sá lọ sílé ìyá rẹ̀. Wọ́n ní ó gba owó lọ́wọ́ àwọn tí kò fẹ́ràn ẹ̀sìn. Wọ́n ní ó ti di kèfèrí. Wọ́n ní ó ń sunkún bí ọmọdé.

"Ó ń sunkún?" Khairiyyah bi ẹni tó mú ìròyìn wá.

"Mo fojú mi rí i."

Lọ́jọ́ yẹn, lẹ́yìn tí oòrùn wọ̀, ó jẹun yó.

Ìmáàmù pe gbogbo èèyàn sí àgbàlá mọ́sálásí lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Àláásárì. Khairiyyah wọ híjáàbù tuntun. Ó fẹ́ fojú rẹ̀ rí i. Ó jókòó síwájú láàárín àwọn obìnrin, Alhaja Ganiat lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ wà pẹ̀lú ìgbìmọ̀ ní iwájú, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ààwẹ̀ ìyá mi!" Alhaji Ṣéhù ń na ìka sí Haleem. "Ìyá arúgbó tó bẹ dókítà kó tó gbà á! Kí ló ṣe fún ẹ, Haleem? Kí ni a ṣe fún ẹ?"

Haleem ti rù. Ó mú ẹnì kan wá, Ọ̀gá Augustine, ọmọ àwọn Àgùdà tó ti fi ọdún pípẹ́ kọ́ni níṣẹ́ ẹ̀rọ. Òun ló kọ́ Haleem, òun náà ló kọ́ Khairiyyah. Nígbà tí Khairiyyah rí i, ó fa híjáàbù rẹ̀ síwájú.

Ọ̀gá Augustine bọ́ bàtà, ó kí àwọn àgbà.

"Ẹ kú ọjọ́, sà. Èmi kì í ṣe ìmọ̀le, ṣùgbọ́n ẹ gbà mí láàyè. Haleem gbé fáìlì méjì wá bá mi, tọdún tó kọjá àti tọdún yìí. Mo gbé wọn síra. Ìlà tó yàtọ̀ ò pọ̀. Àwọn kan jẹ́ ti ọjọ́ tí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí ìyẹn yí. Àwọn yòókù jẹ́ ti àkókò ìṣínu. Kò yẹ kí ìyẹn yí."

"Ẹ̀rọ lè bàjẹ́ fúnra ẹ̀," Ìmáàmù Ikrimah sọ. "Ìyẹn lè má jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni."

"Ó wù mí kó rí bẹ́ẹ̀, Ìmáàmù. Ṣùgbọ́n ìlà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kan níparí tó ń jẹ́rìí sí i. Tí ìlà bá bàjẹ́ fúnra ẹ̀, ẹlẹ́rìí á ta kò ó, ṣíìpù ò ní gbà á. Ní ti èyí, àkókò yí, ẹlẹ́rìí náà yí, àwọn méjèèjì sì bára mu. Àṣìṣe ò lè mọ ìṣírò tó báyìí. Ẹnì kan ló jókòó, ló fara balẹ̀ ṣe é."

"Ẹ ti gbọ́!" Alhaji Ṣéhù fò dìde. "Haleem, ta ló tún mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ẹ? Ìwọ lo sọ níbí pé ìwọ nìkan lo ṣe é!"

Haleem kúnlẹ̀.

"Ẹ̀yin bàbá mi, irọ́ ni mo pa lọ́jọ́ yẹn. Mi ò lè ka fáìlì yẹn. Tí wọ́n bá fi Kùránì lé mi lórí, mi ò mọ̀ ọ́n. Èmi so wáyà, èmi to iná. Aago yẹn, Khairiyyah ló ṣe é. Gbogbo ọpọlọ inú ẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, Khairiyyah ni. Ojú ló tì mí láti sọ ọ́."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ tí Khairiyyah ti ń dúró dè láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi í rẹ́rìn-ín nìyẹn. Haleem sọ ọ́ lójú gbogbo ayé, lórí eékún, níbi kan náà tó ti pa irọ́ rẹ̀. Kò ku ọ̀rọ̀ kan. Ọ̀rọ̀ náà sì di okùn sí i lọ́rùn.

"Lọ́dún yìí ńkọ́?" Ìmáàmù bi í jẹ́jẹ́. "Ta ló tún un ṣe lọ́dún yìí?"

Haleem ò nawọ́ sí ẹnikẹ́ni. Ó kàn yí ojú sí apá àwọn obìnrin.

"Irọ́ ni!" ni Alhaji Ṣéhù kígbe. "Ọmọ tèmi? Ọmọ tí mo bí? Khairiyyah, dìde. Sọ fún wọn pé irọ́ ni."

Khairiyyah dìde. Ó la ẹnu.

Ohùn Alhaja Ganiat ló kọ́kọ́ jáde, kò le, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò gbọ́ ọ.

"Abájọ tí kì í bá wa ṣínu."

Khairiyyah yíjú wò ó.

"Ò ń fọ ọwọ́," màmá ní. "Lójoojúmọ́, ò ń fọ ọwọ́. Èmi ń nawọ́ dàbínù sí ọ, ìwọ ń lọ dúró de oòrùn. O mọ̀ pé kò tíì wọ̀. O jẹ́ kí n jẹ ẹ́."

"Màámá, kì í ṣe ẹ̀yin. Haleem ni mo fẹ́ kó rí i. Haleem nìkan."

"Ṣé Haleem nìkan ló ń gbààwẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni?" Ìmáàmù Ikrimah bi í.

Bàbá Khairiyyah ṣí fìlà, ó jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ẹni tí wọ́n mú ìròyìn òkú wá bá. Láti ọjọ́ yẹn, kò bá ìgbìmọ̀ jókòó mọ́. Kò sẹ́ni tó lé e. Ó ní òun ò lè jókòó síwájú àwọn tí ọmọ òun fi oúnjẹ ọ̀sán ṣínu fún.

Ìmáàmù ní kí gbogbo ìjọ san ọjọ́ wọ̀nyẹn padà lẹ́yìn Ìtúnu. Ó ní kí wọ́n já aago mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò lára ògiri. Ó ní kí Khairiyyah lọ láti ojúlé dé ojúlé, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣe fún wọn. Ó ní kí bàbá rẹ̀ má tẹ̀ lé e, kí ẹnikẹ́ni má bá a bẹ̀bẹ̀.

Haleem náà ò yè é. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní ti ààwẹ̀, ṣùgbọ́n irọ́ rẹ̀ ti jáde. Àwọn tó ti gbé ẹ̀rọ sọ́dọ̀ rẹ̀ wá gbé e lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní àwọn ò mọ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ gan-an. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, bí èrò ṣe ń tú ká, ó dúró níbi tí Khairiyyah ti ń wá bàtà rẹ̀. Ó rọra sọ̀rọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ó ń rẹ́rìn-ín.

"O ti gba ohun tó o fẹ́. Gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó ti mọ̀ pé ìwọ lo ṣe é."

Khairiyyah lọ ojúlé kọ̀ọ̀kan. Oòrùn ọ̀sán ló ń pa á. Ọkùnrin kan gbọ́ ọ tán, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Télọ̀ kan tó lóyún ní, "Ọlọ́run forí jì ọ́. Èmi ò tíì ṣe bẹ́ẹ̀." Ìyá kan da omi àwo sí i lẹ́sẹ̀, kò sì sọ pé òun ṣèèṣì. Ọ̀pọ̀ ló gbàdúrà fún un, ó sì ní àdúrà yẹn ló nira jù láti gbọ́.

Mo bi í bóyá ó ti dárí ji Haleem. Mi ò fẹ́ purọ́ fún yín.

"Tí mo bá rántí ẹ̀rín yẹn," ó ní, "inú ṣì ń bí mi. Ìyà tó jẹ Haleem ò dùn mí. Bí mo ṣe lè fi jẹ ẹ́ láìfọwọ́ kan Màámá, mo ṣì ń rò ó nígbà mìíràn, mi ò sì rí ọ̀nà. Kò sí ọ̀nà. Ìyẹn ni kó o sọ fún wọn."

Mo ti sọ ọ́.

Dókítà ò fẹ́ kí Alhaja Ganiat san ààwẹ̀ kankan padà. Ó ní kó fi oúnjẹ bọ́ aláìní dípò rẹ̀. Màmá ní òun máa bọ́ aláìní, òun sì tún máa gbààwẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ọjọ́ kan ní ọ̀sẹ̀. Khairiyyah ní òun máa bá a gbà á. Màmá ò ní kó má ṣe é.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, àwọn méjèèjì jókòó sí yàrá, dàbínù wà nínú àwo láàárín wọn. Ètè màmá ti gbẹ. Ìpè ìrun gba òde kan. Khairiyyah lọ sójú fèrèsé, ó wo ọ̀run títí ó fi dá a lójú, ó padà wá kúnlẹ̀.

"Màámá, oòrùn ti wọ̀."

Alhaja Ganiat wò ó. Kò bínú. Kò nawọ́ sí àwo náà. Ó fara balẹ̀ dìde, ó fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ lórí ògiri dé ojú fèrèsé, ó pe obìnrin tó ń ká aṣọ nísàlẹ̀.

"Ìyá Mariyah! Ṣé oòrùn ti wọ̀?"

"Ó ti wọ̀, Alhaja. Ó ti wọ̀ tipẹ́."

Ìgbà náà ni màmá padà wá jókòó, tó mú dàbínù, tó sì sọ "Bísímílà."